Kọfí, gbànja àti oorun awakọ̀: ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì ní Kétu

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ ni mí ní Kétu. Mo máa ń gbé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sí Wàńdò ní Àjàṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí. Kí n tó ṣíná ọkọ̀, mo ti mu ife kọfí méjì ní kafeteríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń mu énájì agolo ńlá kan. Bí mo bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, gbànja ni mo ń jẹ kí oorun má baà kùn mí. Àmọ́ tí mo bá délé tí mo dùbúlẹ̀, ojú mi á là sílẹ̀ rekete, àyà mi á sì máa lù kìkìkì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú Ààwẹ̀ tó kọjá, orí fọ́ mi débi pé n kò lè wa ọkọ̀. Ìyàwó mi, tó wà nínú oyún, ní kí n pa kọfí tì, kí n máa jẹ gbànja nìkan, torí pé obì jẹ́ ti ilẹ̀ wa, kò lè ṣe ara ní jàǹbá. Òun náà sì ń mu kọfí láàárọ̀. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀nà o, ẹ sì kú ewu ààwẹ̀. Ìfẹ́ ló mú kí ìyàwó yín sọ ohun tó sọ, ó sì jàre pé nǹkan kan ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ gbànja, kò jàre. Kafeyíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú gbànja, òun ló wà nínú énájì, òun ló wà nínú tíì. Tí ẹ bá pa kọfí tì tí ẹ gbá gbànja mú, ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìkan lẹ yí padà. Ẹ má jẹ́ ká máa jiyàn pé èwo ló burú, èwo ló dára. Ẹ jẹ́ ká ka iye tí gbogbo wọn jọ ń kó sí yín lára láti ìdájí títí di alẹ́, ká sì wo aago tí ẹ ń mu wọ́n.

Famasí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Àjàṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wá pé kí n ta oògùn oorun fún òun. Kí n tó fọwọ́ kan pẹpẹ oògùn, mo máa ń bi í ní ohun tó mu àti ohun tó jẹ láti àárọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún mi máa ń jọ lẹ́tà yín yìí, bó ti wù kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀: àwọn ọlọ́kadà wà nínú wọn, àwọn aránṣọ tí ọdún ń lé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń múra ìdánwò báákì náà kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti kafeteríà. Lọ́la, kí ẹ tó gba ife yín, ẹ wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń po ó. Yóò kọ́kọ́ da mílíìkì agolo tó ki, tó dùn yẹn, sí ìsàlẹ̀ ife. Yóò bu Nescafé lé e, yóò da omi gbígbóná sí i, yóò wá máa dà á láti inú ife kan sínú èkejì, lókè téńté, títí yóò fi yọ ìfóòfó. Ìgbà tó ń bu Nescafé yẹn ni kí ẹ lajú sílẹ̀. Ṣíbí kékeré kan, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 2, ní tó 60 mílígíráàmù kafeyíìnì. Mo sì mọ àwọn awakọ̀: "fi kún un, jẹ́ kó dúdú" ni wọ́n máa ń wí. Tó bá jẹ́ ṣíbí méjì ló ń bù sí ife kọ̀ọ̀kan, ife méjì yín ti di 240 mílígíráàmù kí ìrun àárọ̀ tó pé. Bó bá sì jẹ́ kọfí lílọ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé robusta ni irú èyí tí wọ́n ń gbìn jù ní Tógò àti Côte d'Ivoire, kafeyíìnì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica.

Ó kan énájì. Ẹ yí agolo náà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "caféine" sí ní lẹ́tà wínníwínní. 32 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ni ẹ óò rí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Agolo kékeré tó jẹ́ 250 mílílítà á jẹ́ 80. Agolo ńlá tẹ́ ẹ sọ, tó bá jẹ́ 500 mílílítà, á jẹ́ 160.

Gbànja ló ṣòro jù láti kà, torí wọn kì í kọ nǹkan sára obì. Obì tó ti gbẹ, nínú 100 gíráàmù rẹ̀, kafeyíìnì máa ń tó gíráàmù 1 sí 3. Tútù lẹ ń jẹ tiyín, omi sì pọ̀ nínú obì tútù, síbẹ̀ odidi gbànja kan tó tóbi lè gbé kafeyíìnì tó ti ife kọfí kan dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi 100 sí i. Obì àbàtà náà ní in, ẹ má rò pé torí pé àwọn àgbà fi ń tọrọ ire ni kò fi ní. Orógbó ni kì í ṣe ẹbí wọn. Igi mìíràn pátápátá ni.

Ẹ ro wọ́n pọ̀: 240, 160 àti 100 jẹ́ 500 mílígíráàmù lójúmọ́. Àjọ EFSA tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní 2015 pé 400 mílígíráàmù lójúmọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, bí ohun tó ń mu lẹ́ẹ̀kan kò bá ti ju 200 lọ. Ẹ ti kọjá méjèèjì. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, torí ó wà lára ènìyàn. Ẹlòmíràn á mu ife mẹ́ta, á sì sùn bí ọmọ jòjòló, ẹlòmíràn á mu ààbọ̀ ife, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún yín pé ó pọ̀ jù fún yín, nígbà tí àyà ń lù tí oorun ń sá.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Bó ṣe ń pọ̀ ni ojú ń wúwo, tí ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi. Kafeyíìnì jọ adenosine púpọ̀, nítorí náà ó máa ń lọ jókòó sí àyè rẹ̀, bí èrò tó sáré wọ ọkọ̀ yín tó jókòó sí ibi tí ẹlòmíràn ti sanwó fún. Ẹni tó sanwó kò lọ sílé. Ìta ló dúró sí, àwọn mìíràn sì ń wá bá a. Nígbà tí kafeyíìnì bá dìde kúrò níbẹ̀, gbogbo wọn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àárẹ̀ fi ń wó yín lulẹ̀ lójijì ní bíi aago kan ọ̀sán, tẹ́ ẹ fi ń nawọ́ sí agolo énájì. Agbára tí ẹ rò pé ẹ rí nínú rẹ̀, kì í ṣe kafeyíìnì ló fún yín. Oúnjẹ ló ń fún ara lágbára, oorun ló ń tún un ṣe. Ohun tí kafeyíìnì mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó má jẹ́ kí ẹ gbúròó àárẹ̀.

Èyí ló kàn mí jù nínú lẹ́tà yín, Bàbá Ìbejì, torí ọkọ̀ yín kún fún ìyá ọlọ́mọ.

Kafeyíìnì kì í tètè kúrò lára. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, wákàtí márùn-ún mìíràn kí ìdajì ìyókù tó lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lé ọjọ́ tiyín. Kọfí aago márùn-ún ìdájí: tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó kù díẹ̀ kínún, bíi 23 mílígíráàmù, ìyẹn kò lè lé oorun lọ. Énájì aago méjì ọ̀sán: ó ṣì ku bíi 53. Gbànja tẹ́ ẹ jẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: ó ṣì ku bíi 57. Ẹ ti wà lórí ibùsùn o, àmọ́ tó 130 mílígíráàmù ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ yín, bí ẹni pé ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ mu ife kọfí tó dúdú kan. Ẹ rí i pé kọfí àárọ̀ tí ìyàwó yín ń bá wí kọ́ ló ń jí oorun yín gbé. Gbànja tó ń gbèjà rẹ̀ gan-an ló wà nídìí ẹ̀, òun àti agolo ọ̀sán. Ní 2013, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní 400 mílígíráàmù kafeyíìnì ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sùn. Ó gé ju wákàtí kan lọ kúrò nínú oorun wọn.

Nítorí náà, gbànja ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ obì, ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀. Mi ò bá obì jà. Obì ti ń gba ojú ọ̀nà lọ sí òkè ọya kí ẹnikẹ́ni níbí tó mọ ohun tí ń jẹ́ Nescafé. Gbànja ilẹ̀ igbó ni àwọn oníṣòwò Haúsá ń rù lọ títí dé etí aṣálẹ̀, torí Mùsùlùmí tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí lè jẹ ẹ́. Nígbà tí John Pemberton sì po ohun mímu tuntun kan ní Atlanta ní 1886, ara obì ló ti yọ ìdajì orúkọ Coca-Cola. Ohun tó ti jẹ́ tiwa látayébáyé ni. Jíjẹ́ tiwa yẹn kò sọ pé kó máà lé oorun lọ. Torí pé ó ń lé oorun lọ ni wọ́n ṣe ń rà á.

Lẹ́yìn tí gbànja bá ti kúrò nírọ̀lẹ́, ẹ sọ agolo ńlá di kékeré fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá jáwọ́ nínú rẹ̀. Kafeyíìnì nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ṣúgà tó wà nínú agolo ńlá yẹn máa ń lé ní gíráàmù 50. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá bíi gíráàmù 50 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, wọ́n ní ì bá sì dára kó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Agolo kan ṣoṣo ti gbé gbogbo rẹ̀ jẹ, mílíìkì dídùn tó wà nínú kọfí àárọ̀ kò tíì sí nínú ìṣirò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi énájì pò mọ́ sódábì, ọtí líle yẹn. Tí ẹ bá wà lára wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. Kafeyíìnì á bo ìmutípara mọ́lẹ̀, ẹni náà á rò pé ojú òun dá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mutí yó.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni kí n ṣe tí oorun bá kùn mí lójú ọ̀nà láàárín Pọ́bẹ̀ sí Sakété? Ìbéèrè tó yẹ ni. Ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò léwu. Tó bá ṣì jẹ́ ọ̀sán, ẹ mu ife kọfí kan kíá, ẹ má fi ṣeré; lẹ́yìn náà ẹ gbé àga yín sẹ́yìn, kí ẹ sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Kọfí a máa gbà tó ààbọ̀ wákàtí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sùn ní àkókò yẹn, oorun díẹ̀ náà á ti kó lára adenosine kúrò, kọfí á sì bá ọ̀nà tó mọ́. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Loughborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán an wò láàárín ọdún 1990 sí 2000 lára àwọn awakọ̀ tí oorun wọn kò tó: àṣìṣe àwọn tó mu 150 mílígíráàmù kafeyíìnì tí wọ́n sì sùn fìrí kéré sí ti àwọn tó mu kafeyíìnì nìkan. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ sùn láì mu kọfí. Àwọn ìyá ọlọ́jà lè ráhùn pé ẹ ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn. Ẹni tó ti ń tòògbé nídìí ọkọ̀ lè sùn lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láì mọ̀, ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan á ti rìn ju 60 mítà lọ láì sí ẹni tó ń wà á. Kọfí kò lè dí àlàfo yẹn, agolo énájì kò lè dí i.

Ní ti orí fífọ́ inú Ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ebi tàbí òùngbẹ ni. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fún ẹni tó ń mu 500 mílígíráàmù lójúmọ́, àìrí kafeyíìnì ló ń ṣe é jù. Ara tó ti mọ́ ọn lára a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn láàárín wákàtí 12 sí 24 tó bá pàdánù rẹ̀. Orí á máa fọ́, inú á máa bí ènìyàn láìnídìí, ara á wúwo. Ọjọ́ kìíní sí ìkejì ló máa ń le jù, ó sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ tán. Ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ kà fún mi bá a mu wẹ́kú. Nítorí náà, ní Ààwẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n rí oṣù. Nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀: ṣíbí méjì á di ọ̀kan ààbọ̀, á di ọ̀kan, ife méjì á di ẹyọ kan. Tí Ààwẹ̀ bá dé, ife kékeré kan nígbà sààrì kò burú, ó sì lè gba orí yín sílẹ̀, bí ẹ bá ti mu omi tó pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé kọfí á mú kí àwọn tọ̀ gbogbo omi ara dànù. Ẹni tó ti ń mu ún tipẹ́, kì í tọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi tó wà nínú ife kọfí náà ṣì jẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ kọfí àti ìjọsìn òru kì í ṣe tuntun rárá: àwọn Súfì ní Yẹ́mẹ̀n ni a kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ń mu ún, ní bí ọdún 1400 sí 1500, kí wọ́n lè wà lójúfò fún ìrántí Ọlọ́run.

Ẹ kíyè sí oògùn orí fífọ́ tẹ́ ẹ bá rà. Panadol Extra, fún àpẹẹrẹ, ní 65 mílígíráàmù kafeyíìnì nínú hóró kan. Ẹ óò lo méjì lálẹ́, orí á rọlẹ̀, oorun á tún sá. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wa, kí ẹ má ra tọjà. Bákan náà, bí dókítà bá kọ ciprofloxacin fún yín, ẹ dín kọfí kù gan-an títí ẹ óò fi lò ó tán, torí oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè tú kafeyíìnì ká. Ife kan á wá máa ṣe bíi méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Ìyá Ìbejì kí ẹ jọ ka èyí. Mọ̀mọ́, ẹ kú ìtọ́jú ara o. Ohun tí mo sọ fún bàbá kọ́ ni n óò sọ fún yín. Nínú oyún, pàápàá tó bá ti ń gbó lọ, ara obìnrin kì í yára tú kafeyíìnì; ohun tó ń gba bàbá ní wákàtí márùn-ún lè gbà yín tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń kọjá lọ sára ọmọ, ọmọ inú kò sì ní ohun tí yóò fi tú u. 200 mílígíráàmù lójúmọ́ ni EFSA ní kí aboyún má kọjá. Ife kan tí a fi ṣíbí kan pò láàárọ̀ kò ní ṣe yín ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aboyún ló ń jẹ obì kí èébì má baà gbé wọn, wọn kì í sì kà á mọ́ kọfí. Ẹ kà á mọ́ ọn. Énájì ní tiẹ̀, ẹ má fẹnu kàn án rárá. Ohun kejì: kọfí àti tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ dáadáa, irin yẹn ni ara sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣe pàtàkì fún yín nísinsìnyí. Ẹ má fi kọfí gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín mì, ẹ má sì mu ún mọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì. Tó bá jẹ́ ohun gbígbóná ni ẹ ń fẹ́ lálẹ́, ẹ se ewé tíì tó ń hù lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní citronelle, kì í ṣe tíì inú páálí. Kò ní kafeyíìnì kankan, bàbá náà lè bá yín mu nínú rẹ̀.

Ó ku àyà tó ń lù. Ó ṣeé ṣe kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí gbànja alẹ́ àti énájì bá ti kúrò, mo sì lérò pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní fi ìrètí yẹn dá yín dúró sílé. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ní Kétu ńbẹ̀ tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá já èrò sílẹ̀ ní Wàńdò. Ẹ má mu kọfí fún ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, torí kọfí lè gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àyà ń lù, tó tún ń dùn yín, tàbí èémí ń kúrú, tàbí òòyì ń kọ́ yín bí ẹni fẹ́ dákú, ẹ má wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ẹlòmíràn gbé yín lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mu àti ohun tẹ́ ẹ jẹ láti ìdájí fún un, títí kan gbànja.